Mo sanwó fún un, ó tún padà wá

Ọmọ ọdún 20 ni mí nígbà náà, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. "Obìnrin" kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kẹta ó fi fọ́tò ìhòòhò ránṣẹ́ (ti ta ni, Ọlọ́run ló mọ̀), ó ní ó ku tèmi. Mo ya tèmi, mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ rárá tí orúkọ ìyá mi, ti àbúrò bàbá mi àti ti pásítọ̀ wa fi tò sójú fóònù mi. Ó ní kí n wá ₦50,000, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn á rí i.

Mo san án. Owó ilé ni. Àṣìṣe yẹn burú ju fọ́tò lọ, nítorí lọ́jọ́ kejì ó béèrè ₦80,000. Kí ni kò ní jẹ́ kó béèrè? Ó ti mọ̀ pé mo lówó, ó sì mọ̀ pé ojú ń tì mí.

Òru mẹ́ta ni mi ò sùn. Mo ń rò ó pé ikú yá jẹ̀sín. Èrò yẹn kì í ṣe ohun àwàdà o. Ní March 2022, ọmọ ọdún 17 kan ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí irú ìhàlẹ̀ yìí. Ọmọ Èkó méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ni ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kíyè sí i pé mi ò jẹun. Mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní, "Gbé fóònù wá." Ó ya gbogbo ìhàlẹ̀ náà pamọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì tí mo sanwó sí, kó tó ní kí n blọ́ọ̀kì onítọ̀hún. Èmi tí mo ti fẹ́ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́!

Ó tún mú mi lọ sórí StopNCII.org, ìkànnì tó ń bá èèyàn dènà kí fọ́tò ìhòòhò rẹ̀ má tàn kálẹ̀. Fọ́tò rẹ kì í kúrò lórí fóònù. Nọ́ńbà kan ni wọ́n ń yọ lára rẹ̀, bí ìtẹ̀ka, òun ni Facebook, Instagram àti TikTok fi ń dá a mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gbé e síbẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé 18 nígbà tó ya fọ́tò, Take It Down, irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ni kó lọ. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ètò wọn, apá àwọn ìkànnì yìí ò ká a.

Ọ̀daràn náà ṣì fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì. Ọ̀kan ò sọ nǹkan kan títí dòní. Èkejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pè mí láàárọ̀ kùtù: "Mo ti pa nǹkan yẹn rẹ́. Ṣé o ti jẹun?"