Ojú ìwé 6 kò sí nínú fáìlì náà

Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Abolongo tàbí Agodi lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, kí ẹ tó wá ẹni tí yóò bá yín bẹ ẹnikẹ́ni, ẹ ka iye ojú ìwé tó wà nínú fáìlì ẹjọ́ yín.

Bí ẹjọ́ bá dé ilé ẹjọ́ gíga, olùjẹ́jọ́ yóò gba ẹ̀dà ẹ̀sùn, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí àti sítétíméǹtì tí wọ́n kọ ní tèṣàn. Nínú ti àbúrò mi, ojú ìwé 5 fò sí 7. Ihò pín-ìnì méjì-méjì wà lójú ìwé, ó hàn pé wọ́n ti tú u, wọ́n tún un dì. A rí i. A dákẹ́, a ní lọ́yà ló mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí adájọ́ ní kí wọ́n lọ yẹgi fún un, ìyá wa ṣì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù nígbà tí ọlọ́kadà kan wá bá wa. Ó ní òun lòun gbé àbúrò mi lọ sí Ajáàwà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ní ó pànìyàn, òun sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní tèṣàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí agbẹjọ́rò ìjọba ní kùtùkùtù ẹjọ́. Kí ó béèrè gbogbo sítétíméǹtì, títí kan ti ẹni tí ìjọba kò fẹ́ pè. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù pé ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bí wọn kò bá dáhùn, kí ó sọ ọ́ níwájú adájọ́, kí ó wọ àkọsílẹ̀ kóòtù. Abala 36(6)(b) ìwé òfin Nàìjíríà 1999, tó ní kí olùjẹ́jọ́ ní àkókò àti ohun tó nílò láti múra ẹjọ́ rẹ̀, wà lẹ́yìn yín. Abala 167(d) Òfin Ẹ̀rí 2011 sì gba adájọ́ láàyè láti ka ẹ̀rí tí ẹnìkan fi pamọ́ sí èyí tí ìbá ta ko ẹni náà. Pé wọn kò pe ẹlẹ́rìí kan nìkan kò tó o. Ìjọba kò ní láti pe gbogbo ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin lẹ ó fi hàn pé ìwé náà wà.

Nínú ẹjọ́ Brady v. Maryland ní Amẹ́ríkà, 1963, lọ́yà Brady, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, ti béèrè sítétíméǹtì ẹnìkejì tí wọ́n jọ fẹ̀sùn kàn. Èyí tí ẹni yẹn ti jẹ́wọ́ pé òun lòun pa olóògbé ni wọ́n fi pamọ́. Bíbéèrè náà ló ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹ kò bá béèrè, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yóò bi yín bóyá ẹ lè ti rí ẹ̀rí náà tẹ́lẹ̀ ká ní ẹ wá a dáadáa. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ẹni tó bá ní apànìyàn là ń gbè, kó kọ́kọ́ fi ojú ìwé 6 hàn wá.

90 ọjọ́ lẹ ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láti ọjọ́ ìdájọ́. Bó bá jẹ́ ìdájọ́ ikú, ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda ilé ẹjọ́. Abala 36(7) ìwé òfin 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7.

Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tiwa ti wọlé ní Ìbàdàn, ọlọ́kadà náà sì ti búra sí ìwé. Lẹ́tà wa fún ojú ìwé 6 lọ lánàá. Ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù wà lọ́wọ́ mi.