Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa PA fóònù: láti bátìrì dé àńtẹ́nà ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ rédíò fóònù, PA (power amplifier) ni ẹ̀yà tó ń fún ìgbì lágbára kó tó bọ́ sí àńtẹ́nà, ó sì wà lára ohun tó ń jẹ bátìrì jù nígbà tí fóònù bá ń ránṣẹ́. Nọ́ńbà tí àwọn tó ń ta PA máa ń gbé síwájú yín ni PAE, ìwọ̀n bí PA ṣe ń lo bátìrì dáadáa tó: agbára ìgbì tó jáde, yọ èyí tó wọlé kúrò, kí ẹ wá fi agbára tí PA gbà lọ́wọ́ bátìrì pín in. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ orí agbára tó ga jù ni wọ́n ti sábà ń wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ fóònù kì í pẹ́ níbẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ló ń sọ iye tí fóònù máa lò; tí òpó bá wà nítòsí, á ní kó dín in kù. Ibi tí fóònù ń pẹ́ sí jù ni kí ẹ ti wá èrè.

Nígbà GSM (2G), ọ̀rọ̀ ò le. Gíga ìgbì GMSK, irú ìgbì tí GSM ń lò, kì í yí padà, nítorí náà ẹ lè ti PA dé òpin agbára rẹ̀ láìba ìgbì jẹ́. Ti LTE (4G) ò rí bẹ́ẹ̀: ó ń ga, ó ń wálẹ̀, PA sì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ de ṣóńṣó rẹ̀. Àyè yẹn ló ń jẹ bátìrì. Class B, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe PA, tó yẹ kó dé 78.5% lórí ìwé, tí ẹ bá dín agbára rẹ̀ kù ní 6 dB (ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù), á já sí nǹkan bí 39%, torí fọ́ltéèjì bátìrì ò kúrò níbi tó wà, ìgbì sì ń lo ìdajì rẹ̀ péré. Ìyókù di ooru.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fóònù LTE class 3 (ìpele agbára fóònù) gbọ́dọ̀ lè gbé 23 dBm dé àńtẹ́nà, ìyẹn 200 mW. Tí duplexer (tó ń ya ìgbì tó ń jáde kúrò lára èyí tó ń wọlé), switch àti okùn orí bọ́ọ̀dù bá jẹ 3 dB, ìyẹn ìdajì agbára, PA ní láti mú 400 mW jáde. PA tó ń ṣe 40% á gba 1 W. Nínú 1 W yẹn, 200 mW ló dé àńtẹ́nà: 20% ni, kì í ṣe 40%. Tí ẹ bá gba 0.5 dB padà lójú ọ̀nà yìí, tí ẹ sì tún PA ṣe fún agbára tuntun náà, ohun tó ń gbà á dín ní 11%. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Fún ẹni tó ń ṣe matching (mímú 50 ohm ti ọ̀nà àńtẹ́nà bá ohun tí PA fẹ́ mu) fúnra rẹ̀: ká ní ṣóńṣó jẹ́ 1 W, bátìrì 3.4 V, tí 0.4 V sì jẹ́ èyí tí transistor ò lè lò. 3 V lọ́nà 3 V, pín in sí 2, ó jẹ́ 4.5 ohm, ìyẹn ẹrù tó yẹ kí PA rí. Láti 50 ohm wá sí 4.5 pẹ̀lú ìpele kan, inductor tí Q rẹ̀ (bí agbára tó ń ṣòfò nínú rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni Q ṣe ń ga tó) jẹ́ 30 á jẹ nǹkan bí 0.5 dB, èyí tí Q rẹ̀ jẹ́ 60 á jẹ ìdajì ìyẹn. Ẹ má fi owó kékeré ra inductor.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́ltéèjì tó ń bọ́ PA. APT (average power tracking) ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: DC-DC, ẹ̀rọ tó ń yí fọ́ltéèjì bátìrì padà, á máa dín fọ́ltéèjì kù bí agbára bá ṣe ń dín kù, láti slot (ìdá àkókò kékeré tí fóònù fi ń ránṣẹ́) dé slot. ET (envelope tracking) ní tirẹ̀ máa ń tẹ̀ lé gíga ìgbì fúnra rẹ̀, èrè rẹ̀ sì pọ̀ nígbà tí agbára bá ga. Ibẹ̀ gan-an ló rọrùn láti kọsẹ̀. Ẹlòmíì á mú bọ́ọ̀dù APT, á fi ET sí i, á sì fi kàpásítọ̀ 1 µF sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Vcc, ibi tí fọ́ltéèjì ń gbà wọ PA. Nínú APT, iṣẹ́ kàpásítọ̀ yẹn ni kí fọ́ltéèjì dúró jẹ́ẹ́; nínú ET, a ò fẹ́ kó dúró. Láti yí 1 µF padà ní 2 V láàárín 50 ns, 40 A ni yóò gbà. Fóònù wo ló ní in? Tó bá jẹ́ 100 pF, 4 mA ti tó. Ẹ yọ èyí tó tóbi, kí okùn láti modulator (ẹ̀rọ tó ń yí fọ́ltéèjì padà fún ET) dé PA kúrú kó sì fẹ̀, kí ẹ wá ṣọ́ PA náà bóyá ó ń fúnra rẹ̀ mú ìgbì jáde.

Kí ìgbì àti fọ́ltéèjì ET dé lẹ́ẹ̀kan náà: fún LTE 20 MHz, ìyàtọ̀ 1 ns péré lè ba ACLR (ìwọ̀n bí ìgbì tó ń jò sí ìkànnì ẹ̀gbẹ́ ṣe kéré tó) jẹ́. Ẹ máa sún àkókò náà díẹ̀díẹ̀ títí ACLR á fi dára jù ní apá méjèèjì. Ẹ sì ka modulator mọ́ ọn: PA 55% pẹ̀lú modulator 80% jẹ́ 44%. Tí agbára bá wálẹ̀ gan-an, ohun tí modulator fúnra rẹ̀ ń jẹ á borí èrè rẹ̀. Ẹ padà sí APT níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n, àṣìṣe 0.3 dB nínú wáyà tó lọ sí mítà á sọ PAE 40% di 37.3%. Ẹsẹ̀ Vcc gan-an ni kí ẹ ti ka fọ́ltéèjì, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ tó ń fún un níná.

Ẹ má parí ìdánwò lórí 50 ohm. Ọwọ́ tó di fóònù mú ń yí àńtẹ́nà padà, VSWR (ìwọ̀n bí àńtẹ́nà ò ṣe bá 50 ohm mu) 3:1 sì ń dá ìdá kan nínú mẹ́rin agbára padà. Ẹ fi 3:1 síwájú PA, ẹ yí igun ìgbì tó ń padà ní 30° lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi pé 360°, kí ẹ sì kọ kọ́rẹ́ǹtì àti ACLR sílẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan. Igun tí ACLR kò bá tó 30 dB, ẹ tún load line (ẹrù tí PA ń rí) ṣe fún un kí ẹ tó ronú àtigbé bias (kọ́rẹ́ǹtì tí PA ń gbà kódà láìsí ìgbì) sókè, torí bias yẹn á máa jẹ bátìrì ní gbogbo igun tó kù.