Ìpàdé landlọ́ọ̀dù l'Ékòó, ìpàdé káńsù ní Los Angeles

Ẹni tó bá ti Èkó dé Los Angeles, àgọ́ ló máa kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Àgọ́ létí títì, àgọ́ lábẹ́ bíríìjì, àgọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé. Àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn máa ń bá ìjọba ká ìgboro lóru láti ka àwọn aláìnílé. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2024, wọ́n jẹ́ 75,312 ní gbogbo Los Angeles County.

L'Ékòó, tiwa fara sin ni. Ẹlòmíràn ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, ẹlòmíràn sí ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, ẹlòmíràn sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ títí ojú á fi máa ti gbogbo wọn. Ẹbí ló ń bò wá láṣìírí. Ibi tí agbára ẹbí bá pin sí, abẹ́ bíríìjì ló kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2024, Tokunbo Wahab, kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, kéde pé wọ́n bá yàrá 86 lábẹ́ bíríìjì Dolphin Estate ní Ìkòyí, tí owó ilé wọn tó nǹkan bí 250,000 náírà lọ́dún. Abẹ́ bíríìjì o, ẹnì kan sì ń gba owó ilé níbẹ̀! Wọ́n lé wọn jáde.

Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé ìta náà yàtọ̀. Ní Los Angeles níbí, oṣooṣù la ń san owó ilé. Tí oṣù kan bá yẹ̀, landlọ́ọ̀dù lè já ìwé ọjọ́ mẹ́ta lé ọ lọ́wọ́ pé kí o san án tàbí kí o kó jáde, lẹ́yìn náà ó di ilé ẹjọ́. L'Ékòó, òfin 2011 ní landlọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ lọ bi ẹjẹ́ńtì o. Ọdún méjì ni wọ́n á pè fún yín, àgírímẹ́ńtì àti kọmíṣọ́n ò tíì sí níbẹ̀.

Ìpàdé gan-an ni mo fẹ́ sọ. Òfin kan wà ní California, ìpínlẹ̀ tí Los Angeles wà, láti 1953, Brown Act lorúkọ rẹ̀. Ó ní kí káńsù lẹ ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò síta ní wákàtí 72 ṣáájú ìpàdé, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ ọ́. Onílé, ayálégbé àti ẹni inú àgọ́ á wá jọ tò sórí ìlà kan náà. Oníṣọ́ọ̀bù á ní àwọn oníbàárà òun ti sá tán. Ìyá ọmọ á ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún oògùn olóró lòun ń ṣà nínú pápá tí ọmọ òun ti ń ṣeré. Ẹni inú àgọ́ á ní, lọ́jọ́ tí wọ́n wá palẹ̀ àgọ́ òun mọ́, káàdì ìdánimọ̀ òun bá pàǹtírí lọ, láìsí káàdì, yàrá tí wọ́n ṣèlérí fún òun kò ṣeé gbà. Aago á ké pé àkókò rẹ̀ ti pé, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú. Ààbò ni gbogbo wọn ń bèèrè. Lójú tèmi, ẹni tó ń sùn síta ni ewu sún mọ́ jù, torí kò ní ilẹ̀kùn tó lè tì.

Àmọ́ ọ̀nà yìí máa ń falẹ̀. Ní 2016, àwọn ará ìlú dìbò fún Proposition HHH, kí ìjọba yá 1.2 bílíọ̀nù dọ́là láti fi kọ́ ilé fún àwọn aláìnílé. Ilé náà pẹ́ kó tó jáde, òmíràn sì jẹ ju 600,000 dọ́là lọ. Síbẹ̀ ní 2024, wọ́n tún dìbò gba Measure A, owó orí ọjà nítorí àwọn aláìnílé, tó ń yọ sẹ́ǹtì 50 lórí ọjà 100 dọ́là. Lọ́dún yẹn kan náà, nínú ẹjọ́ Grants Pass, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Oregon, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìlú lè fìyà jẹ ẹni tó bá pàgọ́ sùn síta, bí kò tilẹ̀ ríbi lọ.

Tiwa l'Ékòó, àwọn landlọ́ọ̀dù ń ṣèpàdé lóṣooṣù. Àdúrà, owó ọlọ́dẹ, owó géètì, owó tiransifọ́mà. Ẹni tó bá ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́dẹ ni wọ́n máa ní kó lé e. Ọ̀rọ̀ náà kì í gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó yá ju ti Los Angeles lọ, mi ò jiyàn. Àdúgbò kejì ló kàn lọ bá, àwọn náà á sì lé e.

Àwọn tó ń jà fún ọ̀rọ̀ ilé ní gbangba l'Ékòó, àwọn tí wọ́n wó ilé wọn gan-an ni. Láàárín 2016 sí 2017, wọ́n tú Otodo Gbame, àdúgbò etí omi kan l'Ékòó, ká, àwọn tó lé ní 30,000 di aláìnílé. Àwọn ará etí omi para pọ̀ gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga Èkó sì dá wọn láre ní oṣù kẹfà 2017. Mi ò gbọ́ kí ẹgbẹ́ landlọ́ọ̀dù wa dárúkọ Otodo Gbame rí.

Láìpẹ́ yìí, mo kọ̀wé sí alága wa lórí WhatsApp: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa lẹ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jíròrò mọ́ géètì ṣáájú ìpàdé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn ayálégbé náà wá." Bàbá ní, "Ẹni tí ò dá owó tiransifọ́mà, kí ló fẹ́ wá sọ?" Mo ní, "Kí wọ́n wá sọ ohun tó ń ná wọn kí wọ́n má bàa dé abẹ́ bíríìjì, sà." Wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò, tí mo bá ti fi owó ọlọ́dẹ tí ilé wa jẹ ránṣẹ́.