Mọ́tò Kékeré Tí Kì í Jẹ Owó Epo Lójú Ọ̀nà Jíjìn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú ọ̀nà kọ́ mi ni pé kì í ṣe mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré jù ló ń ṣọ́ epo lò jù. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sinmi nígbà tó bá ń sáré ni. Èyí tó bá ń han bí ẹ̀rọ ìlọta lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, epo ló ń mu yẹn, bó ti wù kó kéré tó.

Ẹ wo Kia Picanto tí títóbi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.1. Láàárín ìgboro Ìlọrin, láti Tanke sí Ọjà Ọba, láti Gáà Akanbí sí Táíwò, mi ò lè bú u. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti rí àyè páàkì sí, epo díẹ̀ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kó èèyàn mẹ́rin sínú rẹ̀, kí ẹ di iṣu sí búùtù, kí ẹ wá bọ́ sẹ́yìn tírélà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, lórí ọ̀nà àtijọ́ tí lílọ àti bíbọ̀ jọ ń gbà. Kí ẹ tó lè kọjá tírélà yẹn, ẹ ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, jíà á já wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú á sì ti máa tanná sí yín. Epo tí ẹ rò pé ẹ máa fi pamọ́ ti lọ síbẹ̀ yẹn, ẹ sì ti fẹ̀mí wewu lé e.

Fún ẹni tó ń ti Ìlọrin, Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán lọ sí Èkó tàbí Àbújá léraléra, ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, láti 1.5 dé 1.8, ni mo fara mọ́. Orúkọ mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu: Toyota Corolla 2003 sí 2008, Toyota Matrix ọdún kan náà, àti Toyota Yaris 2007 sí 2011. Ẹ́ńjìnnì 1.8 tí wọ́n ń pè ní 1ZZ ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú Corolla àti Matrix tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé. Yaris ní tirẹ̀ ń lo 1NZ, 1.5. Ṣéènì ni gbogbo wọn fi ń yí orí ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe bẹ́líìtì, ọ̀rọ̀ ńlá sì nìyẹn. Hyundai Accent 2006 sí 2011 dára lójú, kì í jẹ epo púpọ̀, ṣùgbọ́n timing belt ló ń lò, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti rin nǹkan bí 96,000 kìlómítà. Ta ló mọ ìgbà tí ẹni tó lò ó ṣáájú pààrọ̀ rẹ̀? Tó bá já lórí eré, fáàfù á lu písítìnì, ẹ́ńjìnnì odidi ló kù tí ẹ ó lọ rà. Bí ẹ bá ra irú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn kí ẹ tó gbé e rin ìrìn àjò kankan, ohun yòówù tí ẹni tó tà á ì báà sọ.

Ìdí kejì tí mo fi ń tẹnu mọ́ Corolla ni ibi tó lè kú sí. Ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán, lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbà títí dé Lọ́kọ́ja, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń dúró de páàtì láti Èkó. Mẹkáníìkì abúlé tí kò tíì fọwọ́ kan Honda Civic rí ti tú Corolla débi tó sú u. Páńpù epo, kọ́ìlì plọ́ọ̀gì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ẹ ó rí wọn láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Bí a bá ti ń sọ ti Civic náà, èyí tó jáde láti 2006 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ní àbùkù kan tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ gbà: àgbá ẹ́ńjìnnì àwọn kan ń là, omi á máa jò díẹ̀díẹ̀ títí mọ́tò á fi gbóná. Nissan onígíà CVT (jíà ọ́tòmátíìkì tí kò ní ìpele kìíní, ìkejì) ti àwọn ọdún 2003 sí 2010 náà, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye tí wọ́n ń ta á kì í dúró lójú kan. Nítorí náà lítà ni kí ẹ máa fi ṣírò, kì í ṣe náírà. Ìlọrin sí Èkó tó nǹkan bí 300 kìlómítà. Yaris tí ara rẹ̀ yá, tí ẹ ò jẹ́ kó kọjá 100, á jẹ bí lítà 6.5 sí 7 lórí 100 kìlómítà, ìyẹn bí lítà 20 kí ẹ tó dé Èkó. Corolla á jẹ 7 sí 7.5. Matrix á fi díẹ̀ lé e, torí ó ga, atẹ́gùn sì ń dá a dúró ju Corolla lọ. Jíìpù V6 bíi Highlander lè jẹ 11 tàbí 12. Ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, àlàfo Corolla sí jíìpù yẹn á tó lítà 50 lóṣù kan.

Ẹ má gba "kì í jẹ epo rárá" tí àwọn dílà ń sọ gbọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ kún táǹkì títí páńpù á fi já fúnra rẹ̀, ẹ dá Trip A, mítà kékeré tó ń ka ìrìn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, padà sí òdo, ẹ rìn tó 150 kìlómítà ó kéré tán, ẹ padà sí ilé epo kan náà, páńpù kan náà bó bá ṣeé ṣe, torí páńpù tí wọ́n ti yí mítà rẹ̀ á ba ìṣirò yín jẹ́. Ẹ tún kún un títí á fi já. Lítà tó wọlé, ẹ pín in fún kìlómítà tí ẹ rìn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe rèé: mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6. Bó bá kọ 186, 298 kìlómítà lẹ rìn. Lítà 21 pín sí 298, ìlọ́po 100, ó di 7.05. Ẹni tí kò bá yí i padà á rí 11.3, á sì máa pariwo pé wọ́n ta mọ́tò burúkú fún òun. Èyí tó ti Kánádà wá, kìlómítà lòun ń kà.

Ní báyìí, kí ẹ má bàa ra Corolla tó dára lórúkọ, kí ó máa jẹ epo bíi jíìpù. Nǹkan méjì ló máa ń fà á jù nílùú wa, owó kékeré ni àtúnṣe méjèèjì.

Thermostat ni ti àkọ́kọ́, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí á fi gbóná tó. Mọ́tò bá gbóná lẹ́ẹ̀kan, àwọn mẹkáníìkì kan á yọ ọ́ sọ nù, wọ́n á ní "ìlú wa gbóná, kò wúlò." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí fẹ́ kí omi inú òun gbóná dé bí 80 sí 95 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ti yọ thermostat, omi á máa tutù bí ẹ bá ti ń sáré, ọpọlọ mọ́tò á rò pé àárọ̀ tútù la ṣì wà, á máa da epo kún un. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ gbé Corolla náà jáde láti Ìlọrin gba Gánmọ̀ lọ sí Ìdòfìàn. Kí abẹ́rẹ́ ìgbóná dé nǹkan bí àárín, kó sì dúró síbẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá sáré, tó tún ń gòkè bí ẹ bá dúró, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn. Yaris ò ní abẹ́rẹ́ ìgbóná. Iná búlúù kékeré kan ló ní, tó máa ń tàn ní àárọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ó sì yẹ kó kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá pẹ́ kó tó kú, tàbí tó tún tàn lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ ra thermostat tuntun, ẹ dá a padà síbẹ̀, kí ẹ sì da coolant sí rádíétọ̀ dípò omi kànga. Kí ẹ sì béèrè ohun tó mú mọ́tò náà gbóná nígbà àkọ́kọ́, torí fáànù tàbí rádíétọ̀ tó dí ló sábà máa ń fà á.

Ìkejì, bọ́tìnnì kékeré kan ni. Lára ọ̀pá jíà Corolla ọ́tòmátíìkì, níbi tí àtàǹpàkò ń dé, bọ́tìnnì overdrive, ìyẹn jíà ìkẹrin tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi lórí eré, wà níbẹ̀. Ọwọ́ á ṣèèṣì kàn án, "O/D OFF" á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, awakọ̀ á sì máa rò pé iná lásán ni. Bí iná yẹn bá ti wà níbẹ̀, jíà ò ní wọ ìkẹrin láé. Lórí eré 100, abẹ́rẹ́ RPM, tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, tó yẹ kó wà ní nǹkan bí 2,500 á kọjá 3,000 dáadáa, ẹ ó sì máa gbọ́ ariwo rẹ̀ láti Ìlọrin dé Ìbàdàn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì náà kí iná kú. Bí iná bá kú ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ kò wálẹ̀, ẹ wo ti thermostat kí ẹ tó bú jíà, nítorí mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù jù kì í fẹ́ wọ overdrive.

Ẹ tún fi ẹ̀rọ scan, tó ń ka àìsàn tí ọpọlọ mọ́tò kọ sílẹ̀, wò ó. Ẹnu ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi orúnkún awakọ̀. Iná check engine tí kò tàn rárá nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ burú ju èyí tó tàn tí kò kú lọ, torí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má bàa rí i nìyẹn.

Ní ti àyẹ̀wò kí ẹ tó sanwó, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹ sọ fún dílà pé kó má tíì tan mọ́tò. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ fi ìka nu abẹ́ rẹ̀. Bó bá rí bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da wàrà sí, omi ti wọ inú ọ́ìlì, ẹ kí dílà, kí ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà ẹ tan án, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Corolla 1998 sí 2002 ló ní àìsàn yẹn jù, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì wọn kéré, ó máa ń dí. Èéfín dúdú, epo ló ń pọ̀ jù. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá. Ẹ̀kún omi máa ń fi àlà ẹrẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ká a sí, àwọn tó ń fọ mọ́tò kì í sì í rántí ibẹ̀.

Ọdún tí wọ́n pè é fún yín ńkọ́? Àwọn kan ń pààrọ̀ iná àti bọ́ńpà Corolla 2003 kó lè jọ 2008. Ẹ wo VIN, àwọn nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́tàdínlógún tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, ẹ ka á dé ìkẹwàá. 3 ni 2003, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Kó bá èyí tó wà nínú pépà kọ́sítọ́ọ̀mù mu.

Ọ́ìlì: ẹ́ńjìnnì 1ZZ àti 1NZ méjèèjì ń gba lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà jẹ́ lítà 4, mẹkáníìkì á sì fẹ́ dà á tán. Ẹ má gbà. Ẹ gbé ìyókù sí búùtù, òun lẹ ó fi máa bù kún un. 5W-30 ni kí ẹ lò, tàbí 10W-30. 20W-50 tó ki bí oyin yẹn ń mú kí ẹ́ńjìnnì làálàá, làálàá yẹn sì ń jẹ epo. Fílítà atẹ́gùn, lẹ́yìn ọyẹ́ ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Eruku àgbègbè wa máa ń dí i, agbára mọ́tò á sì wálẹ̀.

Táyà, ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ojú wọ̀n ọ́n. Iye atẹ́gùn tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, ó sábà máa ń wà láàárín 30 sí 35 PSI. Ẹ wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ kí táyà tó gbóná. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, bó ti wù kí eyín rẹ̀ pọ̀ tó, kò yẹ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ́sàn-án gangan.

Eré ńkọ́? 100 ni òfin Road Safety fi sí mọ́tò ilé lójú ọ̀nà márosẹ̀. Láti 90 sí 120, agbára tí atẹ́gùn fi ń ti mọ́tò sẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ lo 90, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan AC, ẹ yọ irin orí òrùlé bí ẹ ò bá gbé ẹrù síbẹ̀.

Táǹkì Yaris ń gba lítà 42, ti Corolla ń gba 50. Ìlọrin sí Àbújá tó nǹkan bí 500 kìlómítà, èyí tó túmọ̀ sí pé Yaris lè dé ibẹ̀ lórí táǹkì kan, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò. Epo tó yí páńpù ká nínú táǹkì ló ń mú kó tutù. Bí ẹ bá ń jẹ́ kó gbẹ dé ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo, páńpù á jó. Ní ìdámẹ́rin táǹkì, ẹ wá ilé epo. Lọ́nà ìlà-oòrùn, Òmù-Àrán ni kí ẹ ti kún un kí ẹ tó forí lé Ẹ̀gbẹ̀, kí ẹ tún wò ó ní Kàbà.