Òórùn Ẹnu Àárọ̀

Nílé wa ní Òjé, a kì í kí àgbà láìtíì fọnu. Ṣùgbọ́n èmi máa ń jí ọmọ mi kí n tó fọnu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sọ nǹkan kan. Ó dùn mí wọra.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru orín àtà tí mo ń rà ní Bódìjà. Orín ò jẹ̀bi. Bí a bá sùn, itọ́ a dín kù, ẹnu a gbẹ, àwọn kòkòrò tíntìntín inú ẹnu a wá máa jẹ àjẹkù oúnjẹ, wọn a sì tú afẹ́fẹ́ tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ síta. Èmi náà sì rèé, màá jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì ní aago 10 alẹ́, màá fi omi ṣanu, ó di orí ibùsùn.

Ní báyìí, mo ń fọ eyín fún ìṣẹ́jú 2 kí n tó sùn, mo sì ń mu omi, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ahọ́n gan-an niṣẹ́ wà! Ẹ wo ẹ̀yìn ahọ́n yín nínú dígí láàárọ̀, ẹ ó rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ tó gbẹ sára abọ́. Etí ṣíbí ni mo fi ń há tèmi, láti ẹ̀yìn wá síwájú, jẹ́jẹ́, kí èébì má baà gbé mi.

Bí òórùn náà bá ń bá yín dọ̀sán, tàbí tí erìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà eyín.

Láàárọ̀ àná, ọmọ mi fi imú kan imú mi kó tó dìde.