Éésì Kì í Mu Gáàsì

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sanwó gáàsì lórí éésì kan ṣoṣo. Oṣù kẹta, ₦18,000. Oṣù keje, ₦20,000. Nígbà tó di oṣù kejìlá, ₦25,000, ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe é sì tún ní kí n fi owó ọkọ̀ lé e. Éésì ọ̀hún, tòkunbọ̀ ni, 1.5 HP, mo rà á nígbà tá a kó dé ilé tá a wà yìí ní Akóbò, n'Íbàdàn. Yàrá ìyá mi ni mo ní kí wọ́n fi sí, torí pé òkè tí páànù ti ń yan èèyàn ni yàrá yẹn wà, oòrùn ọ̀sán kì í sì í ṣàánú ẹ.

Lóṣù kejì ọdún yìí, iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Gbogbo àdúgbò pariwo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo tan éésì, mo pa dà sí yàrá mi. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi.

"Àjọkẹ́, ṣé ẹ̀rọ amúlétutù lo pe èyí ni, àbí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ?"

Mo wọlé, mo na ọwọ́ sí i. Atẹ́gùn ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ẹnu ènìyàn ni. Mo pe ọmọkùnrin wa tó ń bá wa tún éésì ṣe láàárọ̀. Kò tíì rí éésì náà, orí fóònù ló wà, ó ti dá mi lóhùn: "Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá Ìbejì, gáàsì ẹ̀ ló tán."

Oṣù kejìlá sí oṣù kejì! Ọmọ tuntun ò gbọdọ̀ yára mu wàrà tó bẹ́ẹ̀.

Ojúlé kejì sí wa, Bàbá kan wà níbẹ̀ tó fi gbogbo ayé wọn ṣe iṣẹ́ fíríìjì àti éésì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti máa ń kí wọn lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wọn, mi ò ronú kàn án rí pé mo lè fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo rò ó fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bi mí léèrè:

"Ìyàwó wa, mọ́tò ń jẹ epo, ó yé mi. Sítóòfù ń jẹ kẹrosíìnì, ó yé mi. Gáàsì inú éésì, kí ló ń fi í ṣe tó fi ń tán?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Wọ́n wá là mí lóye. Gáàsì tó wà nínú éésì kì í jóná, kì í sì í ṣe pé ó ń fẹ́ jáde sínú yàrá. Yíyí ló ń yí po nínú páìpù bàbà, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po nínú ara. Á gba inú yàrá kọjá, á gbé ooru ibẹ̀. Á jáde sí àpótí tó wà níta, á da ooru náà sọ́hùn-ún, á tún pa dà wọlé. Èyí tí wọ́n rọ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó fún ọdún mẹ́wàá, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí nǹkan kan ò bá lu. "Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dín lára ènìyàn," wọ́n ní, "ojú egbò wà níbì kan. Ẹ̀yin ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ẹ ò wá ojú egbò."

A jọ lọ sẹ́yìnkùlé. Páìpù méjì ló wọ inú àpótí ìta yẹn, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ọ̀tì sì ni wọ́n fi dì wọ́n mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá ò mú irinṣẹ́ kankan. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo eruku. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ara àpótí náà, ó gbẹ, ó funfun bí ẹlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Àmọ́ ìdí nọ́ọ̀tì páìpù ńlá, eruku ibẹ̀ dúdú, ó rin, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ibi tí ẹni tó jẹ àkàrà fọwọ́ kàn. Wọ́n ní òróró kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nìyẹn, ẹ̀rọ inú àpótí ìta tó ń ti gáàsì kiri. Gáàsì àti òróró náà ló jọ ń rìn, ibi tí ọ̀kan bá ti jáde, èkejì á ba lé ibẹ̀.

Wọ́n ní kí n po ọṣẹ ìfọṣọ sómi. Wọ́n fi kànìnkànìn gbé ìfófòó ẹ̀ lé nọ́ọ̀tì náà, a wá ń wò ó. Mo ti rò pé á máa hó gùdùgùdù. Kò hó. Ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni itọ́ kékeré kan wú, bíi ti ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán. Ó wú, ó wú, ó bẹ́. Òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú lójú ibẹ̀ gan-an. Ibi tí ₦63,000 mi ń gbà lọ nìyẹn, ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tọ̀sán tòru.

Nígbà tí wọ́n tú u, ẹnu páìpù bàbà náà ti sán. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi so ó ti di nọ́ọ̀tì yẹn le jù, bí ẹni ń de táyà tírélà. Bàbá pe ọmọ iṣẹ́ wọn àtijọ́ kan wá. Wọ́n gé ẹnu páìpù náà, wọ́n tún un fẹ̀, wọ́n fi sípánà méjì dì í, ọ̀kan ń dì, ọ̀kan ń di èkejì mú kí páìpù má lọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé pọ́ńpù kan jáde tí mi ò rí rí lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta tí ọmọkùnrin wa wá. Wọ́n fi ń fa atẹ́gùn àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde, ó tó ogójì ìṣẹ́jú tó fi ń kùn. Wọ́n ní ẹni tó bá rọ gáàsì lé atẹ́gùn àti omi lórí, ikú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló ń wá.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni ti òṣùwọ̀n. Wọ́n gbé sìlíńdà gáàsì lé òṣùwọ̀n bí ẹni ń ta ẹja, wọ́n sì dojú ẹ̀ délẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìta, ìwé kan ti wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é: R410A, ìyẹn orúkọ irú gáàsì tó ń lò, àti iye gíráàmù tó gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ yìí ló ti wà níbẹ̀! R410A yìí, gáàsì méjì ni wọ́n pò pọ̀, ìdajì ìdajì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dojú sìlíńdà dé, kó lè jáde ní olómi, kí ọ̀kan má baà sá ṣáájú èkejì. Agbára tó fi ń ti ara páìpù sì ju ti R22, gáàsì éésì àtijọ́, lọ fíìfíì. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra. Ọmọkùnrin tèmi ò wo ìwé kankan rí. Ọwọ́ ló fi ń gbọ́ ọ: tí páìpù bá ti tutù, ó ti kún nìyẹn.

₦40,000 ni mo san. Owó náà dùn mí, mi ò ní purọ́.

Látìgbà yẹn, kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ fojú ara mi wò ó. Fílítà ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ gbé ìdérí èyí tó wà nínú yàrá sókè, ẹ ó rí àwọ̀n méjì tó ṣeé fà yọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yọ tìyá mi, mi ò rí ojú àwọ̀n. Ó ti nípọn bí aṣọ òfì, eruku, irun orí, òwú ìbora. Omi àti ọṣẹ díẹ̀, ẹ sá a síbòòji kó gbẹ, ó parí. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé tí fílítà bá dí, atẹ́gùn ò ní rí ibi gbà, páìpù inú á bẹ̀rẹ̀ sí í di yìnyín. Tí gáàsì bá ń jò náà, yìnyín ló ń dì. Torí náà tí wọ́n bá fi yìnyín hàn yín pé gáàsì ló tán, ẹ kọ́kọ́ fọ fílítà, ẹ jẹ́ kí yìnyín yẹn yọ́ tán, kí ẹ tún tàn án wò.

Rimóòtù ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú ooru, a ò mọ̀ pé àwọn ìbejì ti tẹ rimóòtù dé ibi àmì oòrùn. Éésì tòkunbọ̀ tó ti ìlú òtútù wá, ó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ilé gbóná, ó sì ń fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́ ẹ̀. Àmì yìnyín ni kí ẹ wá, èyí tó dà bí ìràwọ̀.

Tó bá jẹ́ omi ló ń kán sílẹ̀ nínú yàrá, páìpù tó ń gbé omi jáde ló máa ń dí. Gèlè ìyá mi lómi wa kán sí, gèlè tí wọ́n fẹ́ wé lọ síbi ìkómọ. Pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ ni mo fi fẹ́ ẹ láti ìta, nǹkan kan sì bọ́ síta tó ń yọ̀ bí ilá àná. Mi ò sanwó fẹ́nikẹ́ni.

Ti iná tí kò lágbára ni kò sí ohun tá a lè ṣe sí i ju sùúrù lọ. Lágogo méje alẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń tan nǹkan, sítébíláísà wa máa ń júwe 160, ibi tó yẹ kó wà ní 220 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àpótí ìta á kùn hùùù, á ṣe kọ́, á dákẹ́. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló ń tiraka láti dìde tí kò rí okun. Mo máa ń pa á ni. Tí iná bá sì lọ tó tún yára dé, mo máa ń dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí n tó tàn án, kí gáàsì inú ẹ̀ lè fara balẹ̀. Àmọ́ tí iná bá dára tó ṣì ń kùn láìdìde, kápásítọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, nǹkan roboto bí agolo, kò wọ́n. Ẹ má fọwọ́ ara yín kàn án ṣá. Bí ẹ tiẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára iná, iná ṣì wà nínú ẹ̀, ó sì máa gbé yín. Kápásítọ̀ kékeré wà lára fáànù òkè náà. Òun ló fà á tí fáànù pálọ̀ wa fi ń yí bí àgbàlagbà tó ń gun òkè Màpó. Oníná tó wá bá wa pààrọ̀ ẹ̀ ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwọn tó ń fi éésì sí 16 kó lè tètè tutù, irú éésì tiwa yìí kò mọ ìyẹn. Bó ṣe ń sáré ní 24 náà ló ń sáré ní 16. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé ní 16, kò ní sinmi. Látìgbà tí wọ́n sì ti gbé owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tí wákàtí iná wọn pọ̀ jù lójúmọ́, lọ sí ₦225 fún yúnítì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, mo ti fẹ́ kó máa sinmi. Iye yẹn ti yí díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò yí tó ohun tó máa mú mi yọ̀. 25 ni mo ń fi tiwa sí, pẹ̀lú fáànù. Ìyá mi tiẹ̀ máa ń pa á lóru, wọ́n ní òtútù ń wọ àwọn léegun orúnkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọmọkùnrin wa pàdé lẹ́bàá ibi tí mo ti ń ra búrẹ́dì. Ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ó kí mi dáadáa.

"Ìyá Ìbejì, éésì yẹn ńkọ́, ṣé kò tíì fẹ́ gáàsì?"

Mo ní, "Ó ti jáwọ́ nínú ẹ̀."