Corolla 2003 mi àti iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì: bí mo ṣe wá síkánà tó gbọ́ èdè rẹ̀

Sátidé

Iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì tún tàn láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù méjì. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá mi bọ̀, Corolla 2003 ni mọ́tò yìí, ẹ́ńjìnì 1.8 tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti gbà á, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè àmọ́ tó bá ti di Sátidé tí n ò sì lóde tí mò ń lọ, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ máa bá mi, ibẹ̀ lọkàn mi ti máa ń balẹ̀.

Lẹ́ẹ̀mejì tó kọ́kọ́ tàn, ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì wa ló yọ orí bátìrì fún bí i ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná kú, wọ́n ní "Àbúrò, ó ti lọ, máa gbé e lọ." Ó lọ lóòótọ́, àmọ́ kò lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tó fi padà dé. Bọ̀dá réwáyà ní tiwọn ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, èyí tó ń wo ọ́síjìn inú èéfín, ló ti kú, kí n lọ ra òmíì. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, wọ́n ní ohun tó máa ń sábà ṣe irú mọ́tò yìí nìyẹn. Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Kì í ṣe pé mo fojú kéré wọn o, àwọn méjèèjì yìí ti yọ mí lójú ọ̀nà rí, àmọ́ búréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, máa ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, tá a bá sì ti yọ orí bátìrì a ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ nìyẹn, ẹ̀rí ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Àwọn tó ń síkáànì ládùúgbò wa, ìyẹn àwọn tó ń fi síkánà ka ohun tí búréènì kọ sílẹ̀, ń gba 5,000 náírà lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá bá mi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, owó síkánà gidi ti lọ nìyẹn. Mo ti pinnu, màá ra tèmi, kò sì gbọdọ̀ kọjá 30,000.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

N ò tíì ra nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ èdè tí mọ́tò mi ń sọ, torí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń pàdánù owó nìyí, a máa ń béèrè "èló ni" ká tó béèrè "ṣé ó gbọ́ èdè mọ́tò mi".

Bó ṣe rí nìyí. Láti ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé gbogbo ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá máa tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní OBD2, ìyẹn ojú ihò 16 kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àti kóòdù kan náà, kó má ṣe pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá tiẹ̀ sọ. Àmọ́ wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú èdè márùn-ún tí wáyà fi ń sọ̀rọ̀. Ford ní tiẹ̀, GM ní tiẹ̀, àwọn ará Éṣíà bí i Toyota àti Honda ń lo wáyà kan tí wọ́n ń pè ní K-line, ọdún 2008 ni gbogbo mọ́tò tuntun ní Amẹ́ríkà tó di CAN, èdè tó tuntun jù nínú márààrún, ní dandan. Yúróòpù ní tiwọn, 2001 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún mọ́tò oníbẹntiróòlù, ti dísẹ́ẹ̀lì tún pẹ́ jùyẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí tòkunbọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ti 1999 fi lè ní ojú ihò 16 tó jọra pátápátá, tẹ́ ẹ bá wá ki síkánà bọ̀ ọ́, kò ní dá yín lóhùn. Kì í ṣe síkánà ló bàjẹ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́bẹ̀ nípa èéfín, tí ti Amẹ́ríkà bá ni, wọ́n máa kọ OBD II síbẹ̀. Tèmi wà níbẹ̀, ó ti ṣá àmọ́ ó ṣì ṣeé kà.

Mo wá dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ síárìn, ẹsẹ̀ mi wà níta, mo fi ẹnu mú tọ́ọ̀ṣì kékeré, mo sì ń ka ihò. Ìlà òkè tó fẹ̀ ni 1 sí 8, ìlà ìsàlẹ̀ ni 9 sí 16. Kì í ṣe gbogbo ihò ló nírin nínú. 16 ni iná bátìrì, 4 àti 5 ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn earth. Ti CAN yẹ kó wà ní 6 àti 14, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn dáadáa, wọ́n ṣófo, dúdú ni mò ń rí. Ihò 7 ní irin tó ń dán bí abẹ́rẹ́. K-line nìyẹn. Ó ti yé mi wàyí, èdè àtijọ́ ni mọ́tò yìí ń sọ, ISO 9141-2, ohunkóhun tí mo bá máa rà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Wẹ́sídè

Mo kánjú. Mo rí èyí kékeré tó ń lo Bluetooth, tí wọ́n ń kọ ELM327 sí lára, 6,500 náírà, ẹni tó tà á ní kò sí mọ́tò tí kì í kà. Mo kì í bọ̀ ọ́, iná pupa tàn, fóònù rí i, mo tẹ 1234, ó wọlé, mo ṣí áàpù Torque, ó ní òun ti rí ẹ̀rọ náà àmọ́ òun ò rí búréènì mọ́tò. Ó ń wá a, ó ń wá a. Mo pa á, mo tún tan án, bó ṣe rí náà nìyẹn. Mo mú un lọ sídìí mọ́tò àbúrò mi tó jẹ́ 2010, lójú ẹsẹ̀ ló wọlé! Ìyẹn túmọ̀ sí pé CAN nìkan ló gbọ́, wọn ò fi K-line sí i rárá bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ó wà níbẹ̀.

Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó ní ọjà tá a bá ti tú kì í ṣeé dá padà. Ó dùn mí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan kan nípa ELM327 yìí torí ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà, Elm Electronics, ló ṣe é níbẹ̀rẹ̀, wọn ò ti ètò inú ẹ̀dà àkọ́kọ́ pa, báwọn èèyàn ṣe dà á kọ nìyẹn, tí ayédèrú ẹ̀ wá kún inú ọjà. Nọ́ńbà ẹ̀dà tí wọ́n bá kọ sára ayédèrú kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Àwọn tí wọ́n kọ v2.1 sí pàápàá, nọ́ńbà wọn ga ju v1.5 lọ, àmọ́ àwọn gan-an ni wọ́n sábà máa ń yọ nǹkan kúrò nínú wọn. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn ò dáa o, ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí mọ́tò yín bá ti dàgbà, ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó gbìyànjú ẹ̀ lára mọ́tò gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo iPhone, Bluetooth ti àtijọ́ yẹn ò ní bá tiyín sọ̀rọ̀, èyí tó ń lo Wi-Fi tàbí Bluetooth LE lẹ máa wá.

Sátidé kejì

Mo gbé mọ́tò fúnra ẹ̀ lọ sí Gate n'Ìbàdàn, ọjà Àràròmí tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, n ò fẹ́ gbọ́ ìtàn mọ́. Ohun tí mò ń wá ti mọ́ mi lójú. Oníwáyà ni, èyí tó ní ojú tiẹ̀ tí kò nílò fóònù, tó gbọ́ èdè márààrún, tó lè fi live data hàn, ìyẹn nọ́ńbà ẹ́ńjìnì bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì lè fi freeze frame hàn, ìyẹn nọ́ńbà ìgbà tí iná tàn. Àwọn kan wà tí owó wọn kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ àmọ́ kóòdù nìkan ni wọ́n ń kà tí wọ́n sì ń pa, ìyẹn ò yàtọ̀ púpọ̀ sí yíyọ orí bátìrì lójú tèmi. Àwọn kan tún wà tó ń ka ti bíréèkì ABS àti airbag, owó wọn kọjá agbára mi, n ò sì nílò ẹ̀ báyìí.

Àǹtí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ gbé Ancel AD310 jáde. Mo ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kì í bọ mọ́tò kí n tó sanwó." Wọ́n ní "Bọ̀dá mi, ẹ gbé e lọ, tí ò bá kà á ẹ gbé e padà fún mi." Ọkàn mi balẹ̀ lórí gbólóhùn kan yẹn.

Mo kì í bọ̀ ọ́, mo yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Ó ń wá, ó pẹ́ díẹ̀, ISO 9141 yọ lójú ẹ̀. Àyà mi já fún ayọ̀! Kóòdù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, P0171. 27,500 la jọ fẹnu kò sí.

P yẹn túmọ̀ sí ẹ́ńjìnì àti gíà, 0 tó tẹ̀ lé e túmọ̀ sí pé kóòdù gbogbo mọ́tò ni, tó bá jẹ́ 1 ni, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ni. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọlé. Kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti kú o. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ń mú ẹjọ́ wá, kì í ṣe òun ló jalè. Ká ní mo ti lọ ra òmíì bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, owó ńlá ni ǹ bá fi ṣòfò, iná á sì tún padà tàn.

Mo kọ freeze frame sínú ìwé kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí tẹ́ ẹ bá ti pa kóòdù, òun náà á lọ. Ìyẹn ni fọ́tò bí ẹ́ńjìnì ṣe wà lásìkò tí iná tàn: ooru omi 88°C, ìyípo 720 ní ìṣẹ́jú kan, mọ́tò ò rìn rárá. Sílò ló wà nígbà tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ iná.

Ọjọ́ Àìkú

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Inú live data lẹ ti máa rí fuel trim, ìyẹn iye tí búréènì ń fi kún epo tàbí tó ń yọ nínú ẹ̀. Short ń yí kíákíá, long ń rìn díẹ̀díẹ̀. Tí àpapọ̀ wọn ò bá kọjá 10% sókè tàbí sísàlẹ̀, kò séwu. Tèmi ní sílò, long wà ní +20, short wà ní +9. Mo tẹ iná dé ìyípo 2,500, mo dì í mú síbẹ̀, short bọ́ sísàlẹ̀ gan-an, àpapọ̀ ò pé +8 mọ́.

Kí ló dé? Ní sílò, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà kéré, tí afẹ́fẹ́ olè díẹ̀ bá gba ibì kan wọlé tí sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ò rí i, ó máa hàn gbangba. Tẹ́ ẹ bá tẹ iná, afẹ́fẹ́ gidi ti pọ̀, ti olè yẹn ò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ife omi kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ ilé, ẹ máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ife kan náà nínú ìkòkò òde ìnáwó, ta ló máa mọ̀? Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn ń ga sí i béèyàn ṣe ń tẹ iná ni, pọ́ńpù epo tàbí MAF tó dọ̀tí ni ǹ bá lọ wò.

Ọmọ mi obìnrin jókòó síwájú, ó ń ka nọ́ńbà short sókè fún mi, èmi sì ń fi púláyà tí mo fi àkísà wé lẹ́nu fún họ́ọ̀sì pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí tí mo bá dé èyí tí afẹ́fẹ́ olè ń gbà wọlé, nọ́ńbà máa bọ́ sísàlẹ̀. Họ́ọ̀sì bíréèkì, "Dádì, mẹ́sàn-án." Èyí tó tẹ̀ lé e, "mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án." Mo dé orí họ́ọ̀sì PCV, èyí tó ń kó èéfín inú ẹ́ńjìnì padà síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, mo fún un pa, ó dákẹ́ díẹ̀, torí K-line ò yára bí i CAN, nọ́ńbà máa ń pẹ́ kó tó yí, ó wá pariwo pé "Dádì, ó ti di méjì! Dádì, ó ti ní àmì ìyọkúrò níwájú!" Mo tú u sílẹ̀, ó gòkè padà. Mo tún fún un, ó tún bọ́.

Mo yọ họ́ọ̀sì yẹn. Tẹ́ ẹ bá wò ó látòkè, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo yí ikùn ẹ̀ sókè, níbi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ó ti là tó gígùn èékánná mi, rọ́bà ẹ̀ ti wú, epo ẹ́ńjìnì ti sọ ọ́ di mùjẹ̀mùjẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹnu ẹ̀ yà.

Túsìdè

Họ́ọ̀sì tuntun, 2,500. Mo pa kóòdù.

Sátidé kẹrin

Iná ò tíì tàn padà. Long ní sílò ti wálẹ̀ sí +3. Mo ń yẹ ojú readiness wò lójoojúmọ́, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò tí búréènì máa ń ṣe fúnra ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa kóòdù, gbogbo ẹ̀ ló ti pé àyàfi ti EVAP, ìyẹn ti oru epo inú táǹkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ra tòkunbọ̀, ẹ rántí wo ibẹ̀: tí púpọ̀ nínú wọn ò bá tíì pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù kẹ́ ẹ tó dé ni. Kẹ́ ẹ sì tó ṣíná, tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tàn, tí ò bá tàn rárá, wọ́n lè ti yọ gílóòbù ẹ̀. Ẹ má fi èyí tó ń lo Bluetooth sílẹ̀ nínú ihò mọ́jú o, iná ihò 16 kì í kú, ó máa mu bátìrì yín.

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì ti yá síkánà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní òun fẹ́ lò ó fún Camry Orobo òun, 1994. Kò lè ṣiṣẹ́, ìyẹn ṣáájú OBD2, àmọ́ mọ́tò yẹn ò nílò síkánà kankan: àpótí dúdú kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí, wáyà kékeré la máa fi so ihò TE1 mọ́ ihò E1 nínú ẹ̀, a máa yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, a ó sì máa ka bí iná ṣe ń ṣẹ́jú, méjì, ó sinmi, ó tún ṣẹ́ ẹ̀ẹ̀márùn-ún, 25 nìyẹn, àìtó epo náà ni. Ó ń gbé e bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀.